Orúkọ Ta Ló Wà Lójú Ewé Àkọ́kọ́?

Ẹ̀yin ọmọge tí ọkùnrin méjì ń bá sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ fà mọ́ ibí kí ẹ gbọ́ ti Monínúọlá. Kì í ṣe àlọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n kọ ọ́, ó ní kí wọ́n má fi ohunkóhun bo òun láṣìírí. Ẹni tí gbogbo ọjà ti rí ìhòòhò rẹ̀, kí ló tún fẹ́ fi aṣọ ṣe?

Ẹ̀yìn Ọjà Ọba ní Adó-Èkìtì ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà: tábìlì kan, àga méjì, àti ẹ̀rọ táípù àlòkù kan tí lẹ́tà e rẹ̀ máa ń fò sókè bí ewúrẹ́. Kò kàwé púpọ̀. Módà sùkúùlù ló ti jáde tó fi lọ kọ́ṣẹ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ yá ju ti àwọn tó ní sátífíkéètì lọ. Ìwé ìkórè ìjọ, ìwé ìkésíni ìgbéyàwó, ìbéèrè ìdánwò ilé ẹ̀kọ́, òun ló ń tẹ̀ wọ́n. Tó bá sì tẹ èdè Yorùbá tán, á mú bírò, á máa fi àmì sábẹ́ ẹ, sábẹ́ ọ, sábẹ́ ṣ, títí ìwé yóò fi parí, nítorí ẹ̀rọ Òyìnbó kò mọ̀ ọ́n ṣe. Ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ ọn débi pé ó lè máa fi àmì sí i, kó máa bá èèyàn ná ọjà lọ.

Olúmúyìwá Akínbọ́lá ló kọ́kọ́ rí i. Tíṣà físíìsì ni ní ilé ẹ̀kọ́ gírámà kan tí a kò ní dárúkọ. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ ni Múyìwá ń gun àpáta ńlá tó wà lẹ́yìn ìlú, tí yóò ki tẹmómítà bọ inú ihò tó lu sára àpáta náà, tí yóò máa wo bí ooru ṣe ń kúrò lára òkúta lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀. Àwọn tíṣà ẹgbẹ́ rẹ̀ fún un lórúkọ, Dókítà Àpáta.

"Dókítà Àpáta, báwo lara aláìsàn rẹ?" ni wọ́n máa ń kí i. "Ṣé ibà rẹ̀ ti lọ sílẹ̀? Ṣé ó ti lè jẹ ẹ̀kọ?"

Múyìwá á rẹ́rìn-ín. Kò mọ èsì í fọ̀.

Lọ́jọ́ tó gbé àpilẹ̀kọ rẹ̀ dé ṣọ́ọ̀bù, ó gbé e bí ìgbà tí èèyàn gbé ọmọ tuntun. Ó fẹ́ fi í ránṣẹ́ sí jọ́nà kan ní Lọ́ńdọ̀nù, ìwé tí àwọn onímọ̀ físíìsì gbogbo ayé ń kà.

"Monínú, jọ̀ọ́, fi ìlà kan sílẹ̀ láàrin ìlà méjì. Tí o bá fún un pọ̀, Òyìnbó kò ní kà á."

"Ẹ̀dà mélòó, Bọ̀ọ̀dá Múyìwá?"

"Mẹ́ta. Fi kábọ̀n sí i. Méjì ń lọ, ọ̀kan ń dúró sọ́dọ̀ rẹ. Ibi tí o bá ti rí àwọn lẹ́tà tí kò sí lórí ẹ̀rọ rẹ, fi àyè sílẹ̀, a ó fi yíǹkì kọ ọ́."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́tà kan wà tó pọ̀ nínú iṣẹ́ náà, T tí wọ́n fi àmì kékeré sí lórí. Monínú tẹ T, ó mú bírò, ọwọ́ rẹ̀ sì fi àmì sí i nísàlẹ̀, bó ṣe ń ṣe fún ìwé ìkórè.

Nígbà tí Múyìwá rí i, ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e ṣubú lórí àga. "Òkè ni, Monínú, òkè! Ti ìsàlẹ̀ yẹn, ti èdè wa ni. Wò ó. T tí kò dé fìlà, ìyẹn ni bí òkúta ṣe gbóná tó. T tó dé fìlà, ìyẹn ni bí ooru náà ṣe ń sáré jáde. Fìlà yẹn ni gbogbo iṣẹ́ mi. Bí o bá ṣí i, kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́. Ṣé ó yé ẹ?"

Monínú mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ká sọ òótọ́, kò gbọ́. Bàtà Múyìwá tó ti la ẹnu ló ń wò.

Ó fi bíléèdì ha àwọn àmì ìsàlẹ̀ náà kúrò, ó fi wọ́n sókè. Àwọn tí ojú rẹ̀ kò tó ṣẹ́kù síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí ohun tó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí yé yín. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní yunifásítì, Ọ̀jọ̀gbọ́n Sàlámì, ló yá Múyìwá ní tẹmómítà. Àyè akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣoṣo ló kù lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó ní bí jọ́nà bá gba àpilẹ̀kọ náà kí ọdún ẹ̀kọ́ tuntun tó wọlé, Múyìwá ni òun yóò mú. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, òun yóò mú ẹlòmíràn.

"Bí mo bá wọlé," ni Múyìwá wí, tó ń wo ilẹ̀, "àwọn ẹbí mi á wá mọ ilé yín. Tó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn o."

Ó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Lọ́jọ́ yẹn, ó tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Lẹ́yìn náà ni Ọ̀gbẹ́ni Adéyẹyè wá gba ìbéèrè ìdánwò. Igbákejì ọ̀gá àgbà ni ní ilé ẹ̀kọ́ Múyìwá. Báyọ́lọ́jì ló kọ́ nígbà èwe rẹ̀, ó sì ti pẹ́ tó ti gbé e jù sílẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ti kú. Ó ní ọkọ̀ ìjàpá funfun kan tó máa ń dán bí ẹyin. Ọ̀gá àgbà wọn fẹ́ fẹ̀yìn tì, gbogbo ìlú sì mọ̀ pé Adéyẹyè ń fojú sí àga náà.

Ó mú ewé kan lórí tábìlì. "Ta ló ni èyí?"

"Ti Bọ̀ọ̀dá Múyìwá ni, sà."

"Akínbọ́lá? Òun nìkan?" Ó yínmú sí i. "Monínúọlá, bí wọ́n bá gbé oúnjẹ sílẹ̀ nílé yín, ta ní í kọ́kọ́ bu òkèlè?"

"Àgbà ni, sà."

"Ẹ̀hẹ́n. Ṣé orúkọ wá kéré ju òkèlè lọ ni? Ọmọdé tí wọn kò bá rí àgbà lẹ́yìn rẹ̀, Òyìnbó á ní olè ni. Sọ fún un kó fi orúkọ mi ṣíwájú. Òun ni mò ń ràn lọ́wọ́."

Monínú sọ fún Múyìwá. Múyìwá tó kì í bínú wá bínú.

"Ọjọ́ wo ló gun àpáta? Òkè tó wà nídìí ilé rẹ̀, mọ́tò ló fi ń gùn ún! Rárá o. Ẹni tó gun òkúta ló ni orúkọ."

"Àgbà ni wọ́n, Bọ̀ọ̀dá Múyìwá. Ẹ̀yin náà ẹ ṣe agídí jù."

"Agídí ló gbé mi dé òkè yẹn."

Ọ̀rọ̀ yẹn bí i nínú. Ẹ̀yin obìnrin, ẹ mọ bó ṣe ń rí. Tí ọkàn bá ti fẹ́ lọ, gbogbo ohun tí ẹni àkọ́kọ́ bá sọ á máa dà bí èébú.

Adéyẹyè kò bá a jà. Mọ́tò ló gbé wá. Ó gbé Monínú lọ sí Ìgèdè, níbi tó ti ń kọ́lé. Páànù ti wà lórí, fèrèsé kò tíì sí. Ó mú un wọ yàrá kan tí sìmẹ́ńtì rẹ̀ ṣì tutù.

"Èyí ni tìrẹ. Bẹ́ẹ̀dì á kọjú síbí. Ẹ̀rọ táípù kò ní wọ inú ilé yìí, ìyàwó ọ̀gá àgbà kì í tẹ ìwé fún ará ọjà."

Ó ń gbọ́, ó ń fọwọ́ pa ògiri.

"Ṣé o mọ ohun tí orúkọ rẹ ń wí? Mo nínú ọlá. Ọlá wo ló wà lórí àpáta?"

"Kí lẹ wá fẹ́ kí n ṣe, sà?"

"Ewé àkọ́kọ́ nìkan ni. Orúkọ méjì á dá ìjà sílẹ̀. Fi ọ̀kan ṣoṣo sí i."

"Ti Bọ̀ọ̀dá Múyìwá ńkọ́?"

"Ọmọdé ni. Á kọ òmíràn." Ó rẹ́rìn-ín. "Àpáta pọ̀ ní Èkìtì."

Òun náà rẹ́rìn-ín. Ọlọ́run ló gbọ́ ẹ̀rín yẹn.

Mùínátù, télọ̀ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì, rí i nígbà tí mọ́tò já a sílẹ̀. Ọmọ àwọn oníṣòwò Mùsùlùmí ni, ẹnu rẹ̀ mú ju síṣọ́ọ̀sì rẹ̀ lọ.

"Ìyáàfin Ìjàpá, ẹ kú àbọ̀."

"Má bá mi ṣeré o, Mùínátù."

"N kò ṣeré. Ìbéèrè ni mo fẹ́ bi ẹ́. Ọkùnrin tó ń gbé ẹ gba ẹ̀yìn ọjà lọ sí Ìgèdè, kí ló dé tí kò gbé ẹ gba iwájú ọjà lọ sí ilé yín?"

"Ìlara ló ń dà ẹ́ láàmú."

"Ó dáa. Tí ó bá kan ọ̀rọ̀ aṣọ ìgbéyàwó, wá bá mi. Tí ó bá kan ọ̀rọ̀ ẹkún, má wá."

Iṣẹ́ parí. Múyìwá ka gbogbo ewé rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò rí àwọn àmì ìsàlẹ̀ tó ṣẹ́kù, ó fi yíǹkì kọ ohun tó kù, ó fi páálí sẹ́yìn àwọn àwòrán kí wọ́n má baà ká. Ìyá rẹ̀ ní Ìjàn ránṣẹ́ pé kó wá ran òun lọ́wọ́ lóko. Ó gbé gbogbo rẹ̀ lé Monínú lọ́wọ́.

"Bá mi fi ránṣẹ́. Ìwọ ni mo gbẹ́kẹ̀ lé."

Bó ṣe lọ báyìí, Monínú ki ewé tuntun mẹ́ta àti kábọ̀n méjì bọ inú ẹ̀rọ. Ó tẹ àkọlé náà bó ṣe wà. Nísàlẹ̀ rẹ̀, níbi tí Akínbọ́lá wà tẹ́lẹ̀, ó tẹ Adéyẹyè. Ó pààrọ̀ àdírẹ́sì. Ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n. Ìyẹn gan-an ni kò jẹ́ kó lè sun oorun gidi dòní.

Ewé àkọ́kọ́ ti tẹ́lẹ̀ ńkọ́? Mùínátù ń wá bébà tí yóò fi ko iná sí àyọ́ọ̀nù eléèédú rẹ̀. Monínú nawọ́ rẹ̀ sí i. "Gba èyí." Mùínátù kò wò ó. Iná mú un wàì.

Ó lọ sí pósí, ó fi ìwé náà ránṣẹ́ ní rẹ́jísítà. Nígbà tí Múyìwá dé láti Ìjàn, ó fún un ní rìsíìtì pósí. Ọkùnrin náà fọwọ́ méjèèjì gbà á, ó ki í bọ àárín Bíbélì rẹ̀.

"Ọlọ́run á bá mi san án fún ẹ."

"Àmín," ni Monínú wí.

Báyìí ni ìdúró bẹ̀rẹ̀. Bí ilé ẹ̀kọ́ bá ti ṣíwọ́ lọ́jọ́ Ẹtì, Múyìwá á yà ní ṣọ́ọ̀bù.

"Kò sí nǹkan kan láti pósí?"

"Lọ́ńdọ̀nù jìnnà, Bọ̀ọ̀dá Múyìwá."

"Wọ́n ní wọn á kọ́kọ́ kọ̀wé pé ó ti tẹ àwọn lọ́wọ́."

"Òyìnbó wo ló máa kọ̀wé lẹ́ẹ̀mejì?"

Ìwé pé ó ti tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́ ti dé. Inú àpò Adéyẹyè ló wà.

Múyìwá ní òun yóò kọ̀wé sí olóòtú jọ́nà náà láti béèrè. Monínú ní kó mú un wá, òun á bá a tẹ̀ ẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Múyìwá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, ó ń pe ọ̀rọ̀ fún un, Monínú ń tẹ̀ ẹ́. Ọmọkùnrin náà bẹ olóòtú bí ẹni ń bẹ àna. Ó fọwọ́ sí i, ó lọ. Monínú fa ìwé náà ya, ó fi nu yíǹkì ara ẹ̀rọ.

Ní yàrá àwọn tíṣà, ẹ̀yà ìkíni ti yí padà. "Dókítà Àpáta, ṣé aláìsàn rẹ ti kú ni? A kò gbúròó ìsìnkú."

Adéyẹyè fúnra rẹ̀ á sì dá sí i. "Ẹ fi í sílẹ̀. Òyìnbó kì í dá gbogbo èèyàn lóhùn. Ó ní irú ẹni tí wọ́n ń dá lóhùn."

Ọdún ẹ̀kọ́ tuntun wọlé. Múyìwá kò gun àpáta mọ́. Ojú ń tì í láti lọ rí Ọ̀jọ̀gbọ́n, ó di tẹmómítà sínú òwú, ó fi rán dírẹ́bà kan. Ó wá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù Monínú.

"Bóyá wọ́n ti kọ̀ ọ́," ni Monínú sọ fún un, kó baà lè dìde lọ. Adéyẹyè ń bọ̀ wá gbé Monínú.

"Bóyá," ni Múyìwá wí. "Bóyá n kò gbọ́n tó."

Ẹ̀yin òǹkàwé, ó wò ó lójú, ó sì fa aṣọ bo ẹ̀rọ rẹ̀.

Kò pẹ́ sí i, Adéyẹyè já wọlé bí ìjì. "Wọ́n ń gbà á! Àwọn Òyìnbó ń gbà á!" Lẹ́yìn náà ló rẹ ohùn sílẹ̀. "Nǹkan bíńtín kan ni wọ́n ń béèrè. Wọ́n ní àmì kan wà lára T, ó wà lókè níbì kan, ó wà nísàlẹ̀ níbòmíràn. Wọ́n ní kí n sọ ohun tó jẹ́. Ìwọ lo tẹ̀ ẹ́. Kí ni?"

Monínú wá a lọ nínú orí rẹ̀. Ó rántí ẹ̀rín Múyìwá. Ó rántí pé ó sọ nǹkan kan nípa èdè wa. Bàtà tó la ẹnu nìkan ló hàn gbangba.

"Ó dà bí àmì èdè wa ni, sà. Bí a ṣe ń fi sí ọ àti ẹ."

"Àmì ohùn!" Adéyẹyè lu tábìlì. "Èmi náà ti rò ó bẹ́ẹ̀." Ó sì kọ̀wé sí Lọ́ńdọ̀nù pé àmì ohùn Yorùbá lásán ni, àṣà ìbílẹ̀ àwọn akọ̀wé wa, kí wọ́n yọ gbogbo rẹ̀ dànù.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ṣí fìlà lórí gbogbo iṣẹ́ náà, kò sì mọ̀.

Ṣùgbọ́n ìwé pé wọ́n ń gbà á ni Adéyẹyè ń fi han gbogbo ènìyàn. Ọ̀gá àgbà ní kí ilé ẹ̀kọ́ pé jọ kí wọ́n yẹ́ ẹ sí. Wọ́n ránṣẹ́ pe Ọ̀jọ̀gbọ́n Sàlámì, nítorí òun ni àgbà onímọ̀ físíìsì tó sún mọ́ wọn jù, ọmọ Adó sì ni. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní òun ń bọ̀, ó ní inú òun dùn púpọ̀.

Mùínátù rán léèsì fún Monínú. Adéyẹyè ní kó jókòó sí iwájú, ó ní lẹ́yìn ìjókòó òun yóò sọ ọ̀rọ̀ kan fún gbogbo ènìyàn. Ẹ mọ ọ̀rọ̀ tí ó rò pé yóò jẹ́.

Gbọ̀ngàn kún. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rọ̀ mọ́ fèrèsé. Ta sì ni wọ́n ní kó máa pín mínírà àti bisikíìtì? Múyìwá ni, nítorí òun ló kéré jù nínú àwọn tíṣà. Ó mọ̀ pé igbákejì ọ̀gá àgbà kọ àpilẹ̀kọ. Ohun tó dá lé lórí, kò sẹ́ni tó sọ fún un.

Ọ̀gá àgbà ṣí ìwé, ó ka àkọlé sókè: "Bí Àpáta Ṣe Ń Tutù Lẹ́yìn Ìwọ̀ Oòrùn ní Adó-Èkìtì."

Igò dákẹ́ lọ́wọ́ Múyìwá. Gbọ̀ngàn bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Àwọn tíṣà ń wo ara wọn.

Adéyẹyè dìde, ó ń rẹ́rìn-ín. "Mo rí bí ẹ ṣe ń wo Akínbọ́lá. N kò gbàgbé rẹ̀. Òun ló ń bá mi gbé omi gun òkè."

"Omi?" ni Múyìwá wí. Kò pariwo. "Omi wo, sà?"

Ojú rẹ̀ kúrò lára Adéyẹyè, ó lọ síwájú, ó bà lé Monínú nínú léèsì rẹ̀. Kò kúrò níbẹ̀ mọ́.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Sàlámì dìde. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ohùn rẹ̀ tutù. "Ẹ kú oríire, Ọ̀gbẹ́ni Adéyẹyè. Èmi ni olóòtú fi àpilẹ̀kọ náà ránṣẹ́ sí kí n bá òun yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí ewé ìkẹyìn rẹ̀ ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi fún tẹmómítà. N kò rántí ìgbà tí mo yá yín ní tẹmómítà, ṣùgbọ́n àgbà ń gbàgbé. Ìbéèrè kan péré ni mo ní." Ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó kọ T gàgàrà sójú bọ́ọ̀dù, ó fi àmì lé e lórí. "Kí ni èyí?"

"Mo ti dá olóòtú lóhùn, Ọ̀jọ̀gbọ́n. Àmì ohùn ni."

"Àmì ohùn. Dò ni, àbí re?"

"Mí ni, sà," ni Adéyẹyè wí, pẹ̀lú ìgboyà. "Òkè ló wà."

Tíṣà Yorùbá, obìnrin àgbàlagbà kan tí kì í dá sí ọ̀rọ̀, ló kọ́kọ́ ké. "Yéè! Ọmọ aláfábẹ́ẹ̀tì mọ̀ pé kọ́ńsónáǹtì bíi T kì í gba àmì ohùn. Ìgbà wo ni T di fáwẹ́lì?"

Ẹ̀rín bú. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ojú fèrèsé gbà á lórin: "T dò! T re! T mí!" Ọ̀gá àgbà ń gbá tábìlì, ẹnikẹ́ni kò gbọ́ ọ.

Ọ̀jọ̀gbọ́n nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó nawọ́ ṣọ́ọ̀kì náà sí ẹ̀yìn gbọ̀ngàn. "Ọ̀gbẹ́ni Akínbọ́lá. Kí ni?"

"Bí ooru ṣe ń sáré jáde ni, sà. Tí àpáta bá gbóná, eré rẹ̀ á pọ̀. Bó bá ṣe ń tutù, eré rẹ̀ á máa dín."

"Ta ló wọ̀n ọ́n?"

"Èmi ni, sà."

Ọ̀gá àgbà yíjú. "Adéyẹyè, kí là ń gbọ́ yìí?"

Adéyẹyè nu ojú. Ẹ wo ọgbọ́n àgbà. "Àṣìṣe akọ̀wé ni, sà. Mo ní kó fi orúkọ mi sí i gẹ́gẹ́ bí olùrànlọ́wọ́. Òun ló yọ ti ọmọ náà. Ẹ bi í, òun ló jókòó síwájú yẹn."

Gbogbo orí yí sí Monínú.

"Ẹ̀yin lẹ ní kí n yọ ọ́, sà. Ní Ìgèdè. Nínú yàrá yẹn."

"Yàrá!" ni ẹnìkan kígbe lẹ́yìn. Ẹ̀rín tún bú, ṣùgbọ́n irú rẹ̀ ti yàtọ̀.

"Yàrá wo?" Adéyẹyè na ọwọ́ méjèèjì. "Ẹ̀yin ará, ẹ gbọ́ ẹnu obìnrin. Èmi, kí n lọ fẹ́ ẹni tí módà sùkúùlù ló kà? Mo fún un níṣẹ́, ó ń bá mi wá yàrá."

Múyìwá ti rìn dé iwájú. "Monínú. Lẹ́tà tí mo ní kí o bá mi fi ránṣẹ́ sí olóòtú, ṣé o fi ránṣẹ́?"

Monínú ń ká etí léèsì rẹ̀.

"Ṣé o fi ránṣẹ́?"

"Rárá."

Ọ̀jọ̀gbọ́n mí kanlẹ̀. "Mo dúró dè ọ́, Akínbọ́lá. Nígbà tí o fi dírẹ́bà dá tẹmómítà padà láìsí ọ̀rọ̀ kan, mo ní ọ̀lẹ ni ọ́. Mo ti fi àyè náà fún ẹlòmíràn kí àpilẹ̀kọ tó dé ọwọ́ mi."

"Àpilẹ̀kọ náà ńkọ́, sà?"

"Lẹ́yìn èsì àmì ohùn yẹn, mo kọ̀wé sí olóòtú pé ara fu mí. Ó ní ìwé tí ìjà bá ti wọ̀, òun kò ní tẹ̀ ẹ́ fún ẹnikẹ́ni. Kì í ṣe fún un. Kì í ṣe fún ìwọ náà."

Múyìwá mi orí díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí wọ́n ń ṣàlàyé ọ̀nà fún. Ó padà sẹ́yìn. Ó gbé páálí bisikíìtì, ó ń pín in lọ láti àga dé àga. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Monínú, ó fò ó, ó fún ẹni tó tẹ̀ lé e.

Kí ló ṣe Adéyẹyè? Wọ́n gbé e lọ sí ilé ẹ̀kọ́ mìíràn, àgbà kì í sọnù. Kó tó di ọdún Àjíǹde, ó ti gbé nọ́ọ̀sì kan níyàwó. Iwájú ọjà ni mọ́tò ìyàwó gbà kọjá. Mùínátù ló rán aṣọ nọ́ọ̀sì náà. Ó gbé e sókè kí Monínú lè rí i dáadáa.

"Mo ní tó bá kan ti ẹkún, má wá," ló wí, ó ń já òwú. "Àbí o kò gbọ́ ìyẹn náà?"

Iṣẹ́ dáwọ́ dúró ní ṣọ́ọ̀bù. Àwọn ará ọjà ti dá òwe tuntun: ẹni tí kò bá fẹ́ orúkọ ara rẹ̀ mọ́, kó gbé ìwé lọ bá Monínú. Kódà ìjọ gba ìwé ìkórè wọn padà.

Múyìwá fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀, ó padà sí Ìjàn. Monínú dúró títí tí kò lè dúró mọ́. Ó wọ aṣọ tó burú jù nínú aṣọ rẹ̀, ó wọ mọ́tò lọ bẹ̀ ẹ́.

Obìnrin arúgbó kan ló bá níwájú ilé, ó ń gún iyán. Bó ṣe rí Monínú, ó ju ọmọ odó sílẹ̀.

"Ìwọ rè é, àbí? Akọ̀wé Adó! Ọmọ mi sọ gbogbo rẹ̀ fún mi. Ó ní ọwọ́ rẹ yá, ó ní o lẹ́wà. N kò rí i kó pè ọ́ wá, mo ní ojú ló ń tì í. Wọlé, uyàwó mi, ulé rẹ nìyí. Uyán ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kúnná."

Monínú wó lulẹ̀ lórí orúnkún. Ìyá rò pé ìkíni ni. Ó gbé e dìde, ó ń kì í, ó ń fọwọ́ nu eruku kúrò lórúnkún rẹ̀.

Múyìwá yọ láti oko, ọkọ́ léjìká. Ó dúró.

"Múyìwá, o kò sọ fún mi pé uyàwó mi ń bọ̀!"

Ó wo Monínú fún ìgbà pípẹ́. Kò sí ìbínú lójú rẹ̀. Ì bá sàn kó wà níbẹ̀.

"Ta lẹ ń bá sọ̀rọ̀, Màmá?"

"Ọmọ Adó yìí ni. Orúkọ rẹ̀ tí o dá fún mi nígbà yẹn, ó ti bọ́ lórí mi. Kí lorúkọ rẹ̀?"

"N kò mọ̀ ọ́n, Màmá. Ẹ fún un lómi mu. Mọ́tò Adó kò ní pẹ́ lọ."

Ó gbé ọkọ́ rẹ̀ kọjá sí ẹ̀yìnkùlé. Wọ́n gbọ́ tó ń bu omi sẹ́sẹ̀.

Ojú ìyá dàrú. Ó yí sí àlejò rẹ̀, ó ṣì di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ọmọ, ta lorúkọ rẹ? Ìwọ kọ́ ni?"

Monínúọlá la ẹnu. Orúkọ náà wà lórí ahọ́n rẹ̀, kò sì rí bó ṣe lè sọ ọ́ jáde níwájú ilé yẹn.

"Rárá, Màmá," ló wí. "Mo ṣi ilé ni."